Fíìmù Ráńpẹ́ gẹ́gẹ́ bí Ìwé Ìtàn: Iṣẹ́ Sara Gómez ní Kúbà, 1962 sí 1973

Ìfáàrà

Nígbàkígbà tí orúkọ Kúbà bá jẹ yọ nínú iṣẹ́ ìwádìí lórí Yorùbá, ọ̀rọ̀ òrìṣà ni ó sábà máa ń tẹ̀lé e. Àwọn onímọ̀ a máa tọ́ka sí ìlù bàtá, sí orin Ṣàngó àti Ọ̀ṣun, sí èdè Lukumí tí àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n kó kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣì fi ń júbà. Iṣẹ́ tí ó yẹ ní ṣíṣe ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó kù sí. Ó máa ń jẹ́ kí adúláwọ̀ Kúbà dà bí ẹni tí ó kàn ń bá àwọn babańlá rẹ̀ ṣọ́ ẹrù, tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ nípa ilé tí wọ́n bí i sí, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, tàbí ìjọba tí ó wà lórí rẹ̀.

Ẹni tí àròkọ yìí dá lé lórí ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ó sì sọ ọ́. Sara Gómez ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin adúláwọ̀ ni. Guanabacoa, ìlú kan ní ẹ̀gbẹ́ Havana, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1942. Ikọ́ fée ni ó pa á ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 1974, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 32. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó darí fíìmù gígùn ní Kúbà. Fíìmù gígùn yìí, De cierta manera, ni àwọn tí ó ń kọ̀wé nípa sinimá mọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣe é, ó ti darí fíìmù ráńpẹ́ tí ó lé ní méjìlá, gbogbo wọn lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ àti àwọn ènìyàn gidi, kì í ṣe eré orí ìtàgé. Àwọn kan a máa sáré kọjá lórí wọn bí ẹni pé ìdánrawò ni wọ́n. Èrò tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ yàtọ̀ sí ti wọn: nínú àwọn fíìmù ráńpẹ́ náà gan-an ni Sara Gómez ti kọ ìtàn tí kò sí ẹlòmíràn tí ó kọ ọ́ nígbà náà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Sinimá àti Ìjọba Lẹ́yìn Ọdún 1959

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1959 ni Batista sá kúrò ní Kúbà. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta, ìjọba tuntun ti fi òfin dá iléeṣẹ́ sinimá sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ìkékúrú pè ní ICAIC. Oṣù mẹ́ta péré! Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ọ̀pọ̀ ará oko ni kò mọ ìwé kà, ọdún 1961 ni ìjọba sì tó rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ìgbèríko láti lọ kọ́ wọn. Ẹni tí kò mọ ìwé kà lè wo àwòrán. Nítorí náà ni ICAIC ṣe fi ọkọ̀ gbé ẹ̀rọ sinimá lọ sí orí òkè àti inú oko. Fíìmù kan wà tí Octavio Cortázar ṣe ní ọdún 1967, Por primera vez, tí ó ṣàfihàn àwọn ará abúlé orí òkè tí wọ́n ń wo sinimá fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ayé wọn. Fíìmù Charlie Chaplin ni wọ́n gbé wá fún wọn. Ojú àwọn òǹwòran náà ni ẹwà fíìmù ọ̀hún. Fíìmù ráńpẹ́ ni òun náà, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ.

Ní ilé sinimá ìgboro pẹ̀lú, wọ́n a máa fi fíìmù ráńpẹ́ ṣíwájú fíìmù gígùn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá wá wo eré ìfẹ́ yóò kọ́kọ́ wo ìròyìn àti ẹ̀kọ́. Fún ìdí èyí, ẹni tí ó bá ń ṣe fíìmù ráńpẹ́ ní Kúbà lákòókò náà kì í ṣe ẹni tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà tí ó ń retí àtiwọlé. Ó ti wọlé, àwọn ará ìlú sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Èyí kò sọ pé ó lè sọ ohun gbogbo. Ní ọdún 1961, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì, Sabá Cabrera Infante àti Orlando Jiménez Leal, ṣe fíìmù ráńpẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PM. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju bí àwọn ènìyàn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ adúláwọ̀, ṣe ń mu ọtí tí wọ́n sì ń jó ní alẹ́ Havana. ICAIC kò jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde. Ariwo ta, Fidel Castro sì pe àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà jọ sí ilé ìkówèésí ìjọba ní oṣù kẹfà ọdún náà. Kókó ohun tí ó bá wọn sọ ni pé àyè wà fún gbogbo ẹni tí ó bá wà nínú ìjàgbara, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ẹni tí ó bá lòdì sí i. Ta ni yóò máa pinnu ẹni tí ó wà nínú àti ẹni tí ó wà ní òdì? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 1959, ìjọba tuntun bu ẹnu àtẹ́ lu ìyàsọ́tọ̀ àwọn adúláwọ̀, ó sì ṣí etíkun àti ọgbà ìgbafẹ́ tí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n wọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bù ú kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1962, ìjọba kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Wọ́n ti ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ àwọn adúláwọ̀ pa. Ìwé tí Walterio Carbonell kọ ní ọdún 1961 lórí ipa àwọn ọmọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ nínú àṣà Kúbà ni wọ́n kó kúrò nílẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ṣì ń béèrè nípa àwọ̀ ara dà bí ẹni tí ó ń tú egbò tí wọ́n ní ó ti jinná. Inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni Sara Gómez ti gbé kámẹ́rà.

Ìgbà Èwe àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Orin ni Sara Gómez kọ́kọ́ kọ́, dùùrù ni ó sì ń tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe iṣẹ́ akọ̀ròyìn ní Mella, ìwé ìròyìn àwọn ọ̀dọ́. Ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ nípa àṣà ìbílẹ̀ lábẹ́ Argeliers León ní Gbọ̀ngàn Ìṣeré Àpapọ̀ Kúbà, níbi tí Rogelio Martínez Furé àti Miguel Barnet náà ti kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn olùkọ́ àgbà tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ àṣà Yorùbá mọ orúkọ Martínez Furé dáadáa nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí orin àti oríkì Lukumí. Ẹ̀kọ́ tí Sara Gómez gbà níbẹ̀ ni pé kí olùwádìí lọ bá ènìyàn nílé rẹ̀, kí ó jókòó, kí ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún 1961 ni ó wọ ICAIC. Ó ṣe igbákejì fún Tomás Gutiérrez Alea àti fún Jorge Fraga. Nígbà tí Agnès Varda wá láti ilẹ̀ Faransé, Sara Gómez bá òun náà ṣiṣẹ́ lórí Salut les Cubains tí ó jáde ní 1963. Ó tilẹ̀ jó cha-cha-chá nínú rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó darí fúnra rẹ̀, bíi Plaza Vieja ní 1962, jẹ́ fíìmù tí kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, tí wọ́n ṣe láti fi la ará ìlú lóye. Lẹ́yìn wọn ni Iré a Santiago dé ní 1964, níbi tí ó ti rìn yí ìlú Santiago de Cuba ká, tí ó sì rántí àwọn Faransé àti ẹrú wọn tí wọ́n sá wá láti Haiti. Ohùn tí ó fi sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà jẹ́ ti ẹni tí ó ń báni tàkúrọ̀sọ, tí ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohùn náà ni ó lò títí dé òpin.

Guanabacoa: Ìtàn Ìdílé Kan

Ní ọdún 1966, ó gbé kámẹ́rà padà sí ilé. Guanabacoa: crónica de mi familia túmọ̀ sí Guanabacoa: ìtàn ìdílé mi. Ìṣẹ́jú 13 péré ni, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí ìwé ńlá kan tí ó sọ ohun tí fíìmù yìí sọ.

Gbogbo ará Kúbà ni ó mọ Guanabacoa sí ìlú àwọn babaláwo, oníṣàngó àti onílù. Nítorí náà, òǹwòran yóò máa retí ìlù àti ìbọ. Sara Gómez kò kọ́kọ́ fi ìyẹn hàn. Àwòrán ìdílé ni ó tò sílẹ̀: àwọn ọkùnrin tí wọ́n wọ kóòtù, tí wọ́n de táì, tí wọ́n mú ohun èlò orin òyìnbó dání, àwọn obìnrin tí wọ́n wọ aṣọ funfun gbalaja. Olórin ni àwọn ọkùnrin ìdílé rẹ̀, wọn kì í ṣe olórin ojú àgbò. Ẹgbẹ́ olórin tí ó ń ka orin láti inú ìwé ni wọ́n ń bá ṣe. Ìyá ìsàmì rẹ̀, arúgbó tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, ni ó ń sọ ìtàn bí nǹkan ṣe rí láyé àtijọ́, títí kan àwọn ẹgbẹ́ adúláwọ̀ tí kì í ṣe gbogbo adúláwọ̀ ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Ìyàsọ́tọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀: ohun tí fíìmù náà fà yọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìlú Èkó. Àwọn Sàró àti Àgùdà tí wọ́n padà wá sílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí díẹ̀ nínú àwọn Àgùdà náà sì ti Kúbà wá, ní irú wàhálà yìí. Láti fi hàn pé wọ́n kọjá ẹni tí ènìyàn lè fojú tẹ́ńbẹ́lú, àwọn kan nínú wọn a máa yẹra fún ilù, fún aṣọ ìbílẹ̀, fún orúkọ ìbílẹ̀ pàápàá. Àtakò tí ó tẹ̀lé e ní Èkó mú kí àwọn mìíràn padà sí orúkọ àti aṣọ Yorùbá. Ní Guanabacoa, ìyọnu náà pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí fíìmù náà ti ta àwọn fíìmù ìgbà rẹ̀ yọ ni ìparí rẹ̀. Sara Gómez béèrè, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, bóyá kò yẹ kí àwọn adúláwọ̀ jáwọ́ nínú wíwá bí wọn yóò ṣe yàtọ̀ sí adúláwọ̀ yòókù, kí wọ́n sì gba gbogbo ìtàn ìlú náà mọ́ra, ti onílù àti ti onífèrè, láìfi apá kan pamọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ tí ó ní sí arúgbó yẹn hàn kedere nínú bí kámẹ́rà ṣe ń wò ó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà mú. Bí ìdílé kan bá ṣì ń ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1966, kí ni ó tán ní 1962 tí ìjọba fi ní ọ̀rọ̀ ti tán? Kò sọ èyí lẹ́nu, kò sì sí ẹni tí ó wo fíìmù náà tí kò ní rò ó. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òun kó ìtàn ilé ròde láìṣe ẹ̀ṣọ́ sí i.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó ṣe Y... tenemos sabor, tí Alberto Zayas ti ń ṣàlàyé ohun èlò ìlù Kúbà níkọ̀ọ̀kan, láti orí igi méjì tí wọ́n ń lù mọ́ra dé orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹran. Fíìmù yìí yẹ fún kíláàsì orin, ó sì dùn ún wò. Kò ní ìbéèrè ńlá bíi ti Guanabacoa nínú.

Erékùṣù Àwọn Ọ̀dọ́

Isla de Pinos, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Isla de la Juventud, Erékùṣù Àwọn Ọ̀dọ́, ní ọdún 1978, wà ní gúúsù Kúbà. Ibẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n ńlá tí wọ́n ti Castro mọ́ láàárín ọdún 1953 sí 1955 wà. Ní àárín àwọn ọdún 1960, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́ lọ síbẹ̀ láti lọ dáko. Àwọn kan fúnra wọn yọ̀ǹda láti lọ. Àwọn mìíràn, ìwà wọn ni ìjọba ní kí wọ́n lọ tún ṣe níbẹ̀. Fíìmù mẹ́ta ni Sara Gómez ṣe lórí erékùṣù yìí: En la otra isla àti Una isla para Miguel ní 1968, Isla del tesoro ní 1969.

Nínú En la otra isla, àwọn ọ̀dọ́ náà ń sọ ìtàn ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan ń ṣiṣẹ́ oko, ó sì ń kọ́ irun ṣíṣe. Ẹni tí òǹwòran kì í gbàgbé ni ọ̀dọ́kùnrin adúláwọ̀ kan tí ó jẹ́ akọrin eré olórin òyìnbó ní Havana kí ó tó dé oko. Ó ṣàlàyé pé àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ ń ṣeré kò fẹ́ bá adúláwọ̀ ṣe eré ìfẹ́ lórí ìtàgé. Sara Gómez kò fi ara pamọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà. Ó jókòó tì í, ojú rẹ̀ sì hàn. Ọ̀dọ́kùnrin náà bi í bóyá ó rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò kọ orin La Traviata.

Ìbéèrè yìí wọni lára nítorí pé ẹnì kan ni ó bi ẹnì kejì, kì í ṣe pé ará ìlú kan ń bi aṣojú ìjọba. Bí kì í bá ṣe pé obìnrin adúláwọ̀ ni ó jókòó tì í, ó ṣòro láti gbà pé ẹnu rẹ̀ ì bá gbà á láti béèrè. Àwọn kan ti sọ pé apọ́nlé fún ètò ìjọba ni àwọn fíìmù erékùṣù yìí. Òótọ́ ni pé Sara Gómez gba ìjàgbara gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n apọ́nlé kì í jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ní ó ti yege fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ṣì ń dùn ún.

Mi aporte: Ìyá Tí Ó Tún Jẹ́ Òṣìṣẹ́

Ní ọdún 1970, ìjọba Kúbà fẹ́ pèsè ṣúgà tí ó tó mílíọ̀nù 10 tọ́ọ̀nù. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 ni ọwọ́ tẹ̀. Wọ́n nílò òṣìṣẹ́ sí i, wọ́n sì ń pe àwọn obìnrin jáde nílé. Ní ọdún 1972, Sara Gómez ṣe Mi aporte, tí ó túmọ̀ sí Ipa Tèmi, fún Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Kúbà.

Ohun tí ẹgbẹ́ náà lè máa retí ni fíìmù tí yóò gbóríyìn fún obìnrin òṣìṣẹ́. Ó gbóríyìn fún wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lọ bá wọn délé pẹ̀lú. Àwọn ọ̀gá ọkùnrin níbi iṣẹ́ ṣúgà ń ráhùn pé àwọn obìnrin máa ń pa iṣẹ́ jẹ. Obìnrin fúnra rẹ̀ ṣàlàyé ìdí: ta ni yóò tọ́jú ọmọ, ta ni yóò fọṣọ, ta ni yóò tò fún oúnjẹ? Ní apá kan fíìmù náà, Sara Gómez fúnra rẹ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n kàwé bíi tirẹ̀, wọ́n sì ń jiyàn lórí ọkọ, ọmọ àti iṣẹ́. Ìyá ọmọ mẹ́ta ni òun náà. Lẹ́yìn èyí, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ gbé àríyànjiyàn náà lé ọwọ́ ara wọn.

Wọn kò gbé fíìmù náà jáde fún ará ìlú. Kò sì sí irọ́ kan nínú rẹ̀ tí wọ́n lè fi ṣe ẹ̀sùn. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ka iṣẹ́ ilé mọ́ iṣẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1975, oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ikú rẹ̀, Òfin Ìdílé Kúbà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin náà sọ pé ọkọ àti aya ni yóò jọ máa ṣe iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú ọmọ.

Ìyà tí ó jẹ ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ju èyí lọ. Nicolás Guillén Landrián, adúláwọ̀ tí òun náà ń ṣe fíìmù ráńpẹ́ ní ICAIC, fojú winá ẹ̀wọ̀n, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì parí ayé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọn kò ti Sara Gómez mọ́lé. Wọ́n kàn gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí pẹpẹ.

De cierta manera àti Ohun Tí Ó Ṣẹ́kù

Àdúgbò Miraflores, tí wọ́n kọ́ fún àwọn tí ó kúrò ní ilé jákujàku Las Yaguas, ni De cierta manera ti wáyé. Yolanda, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti Mario, ọkùnrin òṣìṣẹ́, ni ó ń fẹ́ ara wọn. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ wo Yolanda dáadáa. Ó láàánú, ó sì ní ìtara, síbẹ̀ kò mọ ilé tí àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ ti wá. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá a wí lórí bí ó ṣe ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ Abakuá wà nínú fíìmù yìí. Àwọn olùwádìí Yorùbá kan a máa kà á mọ́ ti Lukumí, àṣìṣe gbáà sì ni. Ẹgbẹ́ ọkùnrin tí ó ti agbègbè Calabar dé Kúbà ni.

Bí ìtàn ìfẹ́ náà ti ń lọ, fíìmù a dédé dúró, ohùn kan a ṣàlàyé ìtàn Abakuá, tàbí kí ẹnì kan tí kì í ṣe òṣèré sọ ìtàn ayé ara rẹ̀. Àwọn tí ó kọ̀wé nípa sinimá ka èyí sí ọgbọ́n tuntun. Ẹni tí ó bá ti wo àwọn iṣẹ́ ìṣáájú yóò mọ̀ pé fíìmù ráńpẹ́ ni ó kó jọ sínú fíìmù gígùn. Ó kú kí iṣẹ́ náà tó parí. Gutiérrez Alea àti Julio García Espinosa ni ó bá a parí rẹ̀, ọdún 1977 ni wọ́n sì tó gbé e jáde.

Àwọn obìnrin mìíràn tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀. Gloria Rolando, adúláwọ̀ ọmọ Havana, ṣe fíìmù Oggún ní 1991 lórí Lázaro Ros, gbajúmọ̀ akọrin òrìṣà. Ní 2001, ó ṣe èyí tí ó dá lé ìpakúpa àwọn adúláwọ̀ Kúbà ní ọdún 1912, ọ̀rọ̀ tí wọn kì í fẹ́ mẹ́nu bà. Ní Bùràsíìlì, Yasmin Thayná, ọ̀dọ́bìnrin adúláwọ̀, ṣe fíìmù ráńpẹ́ Kbela ní 2015 lórí irun orí àwọn obìnrin dúdú. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ìsàmì ń sọ ní Guanabacoa ni, pé kí ènìyàn tún ara ṣe kí wọ́n lè gbà á láàárín ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí àwọn ọmọbìnrin kọ̀.

Ní tòótọ́, iṣẹ́ Sara Gómez fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣègbé. Fíìmù máa ń bàjẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin, èyí tí Kúbà ní lọ́pọ̀lọpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ wa. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Queen's ní Kánádà ni ó bá ICAIC ṣiṣẹ́ láti tún àwọn fíìmù ráńpẹ́ rẹ̀ ṣe. Iléeṣẹ́ Arsenal ní Berlin, ní Jámánì, tún De cierta manera ṣe ní 2021. Mi aporte wà lára ohun tí ènìyàn lè wò nísinsìnyí, pẹ̀lú àwọn obìnrin inú rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí yóò tò fún oúnjẹ.